Pọ́ńpù Tí Kò Ní Í Kánjú

Ọkọ̀ bàbá mi kú sórí afárá Àjàṣẹ́
lọ́jọ́ ọjà, oòrùn ti dé àtàrí.
Ó kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó tí egungun ẹja há lọ́fun,
ó tún sáré díẹ̀, bí ẹni pé irọ́ ló ń pa,
lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọkọ̀ eré ni, ìjókòó méjì péré,
ó kúrú nílẹ̀ bí ẹni tó ń lúgọ.
Ọjọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀ ní èbúté Kútọnu
ni ìyá mi ti ní òun kò ní jókòó sínú ohun tí kò gba ẹbí.
Pupa ni nígbà náà. Ó ti di àwọ̀ bíríkì báyìí,
àwọ̀ ilé àwọn Àgùdà tí òjò ti fọ̀ títí.

A so ó mọ́ ìdí táàsì kan dé Wándó.
Ọ̀gá Lámídì tú pọ́ńpù rẹ̀,
ó na awọ inú rẹ̀ sí oòrùn:
awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ti ya
níbi tí ojú kò lè rí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá.
"Ọdún mẹ́rìndínlógójì," ó ní,
"ló fi ń fà, tó ń tì, tó ń fà, tó ń tì.
Ẹsáńsì inú ìgò ló jẹ ẹ́."
A mọ ìgò tó ń wí:
àwọn tó tò sẹ́bàá títì, tó pọ́n bí oyin,
tí alùpùpù gbé kọjá bodè lóru.

Ní ìsọ̀ rẹ̀, Sẹ̀tọ́njì tẹ́ àpò símẹ́ńtì sílẹ̀,
ó to pọ́ńpù lé e bí ẹni to ẹyin.
Eléyìí, iná ló ń lò, ara ọkọ̀ ìgbàlódé ló ti wá,
ó ń dán, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì sẹ́fà.
"Agbára rẹ̀! Ó lè fa ọ̀sà gbẹ!"
Mo ti ń ka owó.
Ta ni kì í fẹ́ agbára?

Afúsátù, ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
gíríìsì dé ìgúnpá, ló fa aṣọ mi.
"Ẹ má rà á. Kàbùrétọ̀ yín kì í gbé e mì.
Ṣe ló ń tọ́ ọ lá."

Ó so ìgò ẹsáńsì kan mọ́ orí gíláàsì iwájú,
ó ki rọ́bà tóóró bọ̀ ọ́ lẹ́nu,
ó fi ìdí rọ́bà náà bọ kàbùrétọ̀.
Kò sí pọ́ńpù. Kò sí iná.
Bí omi ṣe máa ń wá ilẹ̀ nìkan ni.
Mo ṣí i.
Ọkọ̀ bàbá mi sọ̀rọ̀,
ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jẹun tán,
tó ń wá ẹni tí yóò bá tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀gá Lámídì fọwọ́ bo ẹnu.
Ó ní òun ti gbàgbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun
tí wọ́n fi pọ́ńpù alágbára sí:
abẹ́rẹ́ inú kàbùrétọ̀ kò lè dí ẹnu ọ̀nà mọ́,
ẹsáńsì kún, ó ṣàn, ó kan irin gbígbóná.
Kò parí ìtàn náà. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀.
Bí ìyá bá rọ ọmọ lágbo ju bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe mọ,
kì í ṣe àrùn ni yóò pa á.

Ó ku méjì lórí àpò símẹ́ńtì.
Ọ̀kan wà nínú páálí, tuntun,
wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ ara rẹ̀.
Afúsátù já ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan, ó fi wọn apá rẹ̀,
ó tún un wọ̀n:
ó kúrú sí tiwa, bíńtín.
Èkejì, àlòkù, ara ọkọ̀ kan tó ń kó àgbàdo láti Kétu ló ti wá,
ó dọ̀tí, kò wu ojú,
ṣùgbọ́n nígbà tó fi àtàǹpàkò tẹ apá rẹ̀
ó dá a lóhùn: pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.
Inú bí Sẹ̀tọ́njì pé a kò tilẹ̀ ná an.

Mo gba orí afárá padà nírọ̀lẹ́.
Alùpùpù ń yà mí sílẹ̀, àní èyí tó gbé ewúrẹ́.
Bàbá mi kì í sáré nínú ọkọ̀ eré yìí;
ní kékeré, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Awọ tó ya náà wà lórí tábìlì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú rẹ̀.
Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Ó ṣì ń rùn.